Ọwọ́ Òsì Ọkọ̀ Bàbá

Ṣọ́ọ̀bù Sàláwù,
Etí Omi, Borokiri,
Port Harcourt.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹrin, ọdún 1970.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ láti etí omi Borokiri títí dé ẹnu ọ̀nà iyàrá yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ẹ bá gbọ́ pé Odò Ọya kò ráyè kọjá lónìí, ẹ̀yìn mi ló dí i. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Orúnkún tó ń ro yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ kírun bó ṣe yẹ? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi Memunat, tó ń ka ìwé yìí sí yín létí, ń kà á bí mo ṣe kọ ọ́, àbí ó ti ń bu iyọ̀ sí i? Ara wa le níhìn-ín, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ ó ti rẹ̀ wá. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ó rẹ ìlú, ó rẹ Bàbá, ó rẹ èmi náà tí ẹ máa ń sọ pé egungun mi kò mọ àárẹ̀.

Ìwé yín tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ẹ ní Nọ́fíù olóbì ti padà sílé, pé ó jókòó sórí ẹní yín, ó jẹ iyán yín tán, kó tó sọ fún yín pé òun rí Bàbá ní Mile One ní Diobu, nínú ọkọ̀ tó ń dán bí orí ọmọ tuntun, tí obìnrin kan sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ bí olorì. Ẹ ní ìdí nìyẹn tí a kò fi wá ṣe Ìléyá. Ẹ ní ẹ ti di ẹrù yín, pé bí òṣùpá tuntun bá lé kí ìdáhùn tó dé, ilé baba yín ní Ìrẹsà ni kí a ti máa wá yín. Ìyá mi, mi ò ní kí ẹ tú ẹrù náà báyìí. Mo kàn ní kí ẹ má tíì gbé e rù. Ẹ jókòó lé e lórí, bí mo ṣe mọ̀ yín mọ ẹrù dídì, yóò ga tó àpótí, kí ẹ wá gbọ́ tẹnu èmi tó wà nínú ọkọ̀ náà.

Nọ́fíù kò purọ́. Ó rí ọkọ̀, ó rí obìnrin. Ohun tí kò sọ fún yín ni pé ó tún rí ọwọ́ òsì mi tó yọ síta lójú fèrèsé, torí ó bú mi lọ́jọ́ náà, ó ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ọwọ́ òsì yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Mo mọ̀ pé bí Memunat bá ti gbé ohùn sókè báyìí, gbogbo agboolé á ti péjọ, títí kan àwọn ewúrẹ́. Nítorí tiwọn ni mo fi máa sọ ohun tí ẹ̀yin ti mọ̀. Kí ogun tó dé, iṣẹ́ Bàbá ni kó gba ọkọ̀ àtijọ́ tí olówó rẹ̀ ti sọ̀rètí nù, kó lu páànù rẹ̀ padà sí bí wọ́n ṣe ṣe é, kó sì ki ohun ìgbàlódé sí i nínú, kí arúgbó lè máa sáré bí ọmọ. Àwọn òyìnbó elépo àti akọ̀wé báńkì ló máa ń gbé e wá. Ọkọ̀ Mọ́rìsì tí Nọ́fíù rí yìí ni ti Bàbá fúnra rẹ̀. Òyìnbó kan ló fi í sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sílùú rẹ̀. Ọjọ́ orí ọkọ̀ náà ju tèmi lọ, òun ló sì gbé yín lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí ẹ bí mi. Bàbá ní kòtò pọ̀ lọ́nà, pé díẹ̀ ló kù kí n jáde sórí gíà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára Mọ́rìsì náà ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọkọ̀ ayé àtijọ́ ni, kò ní iná tó ń ṣẹ́jú bíi ti òde òní. Ọwọ́ pupa kékeré kan, tó rí bí ìka, ló sùn sínú òpó ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún, òmíràn sì sùn lósì. Bí Bàbá bá fẹ́ yà, á tẹ bọ́tìnnì, ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ náà á yọ síta, iná á tàn nínú rẹ̀, gbogbo ayé á mọ ibi tó ń lọ. Èmi àti Fúbárá, ọmọ Sókàrí, lè fi gbogbo ọ̀sán tẹ bọ́tìnnì yẹn títí báátìrì á fi kú, tí Bàbá á sì fi bẹ́líìtì lé wa wọnú omi.

Sókàrí ni ará Okrika tó ń bá Bàbá ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń jó irin mọ́ irin tí ẹ kò ní rí ojú ibi tó ti jó o mọ́. Ẹ̀yin náà fẹ́ràn rẹ̀, ẹ máa ń bù ú ní ẹran tó tóbi ju tèmi lọ. Yorùbá tó gbọ́ kò kọjá ti ṣọ́ọ̀bù: tú u, dè é, lù ú, gbé e wá, àti èébú. Èébú ló gbọ́ jù.

Ẹ rántí ọjọ́ tí a sá kúrò níhìn-ín, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo àlejò fi ìlú sílẹ̀. Ẹ̀yin ń sunkún nínú lọ́rì, ẹ kò gbọ́ nǹkan kan. Èmi gbọ́. Lọ́rì ti ń lọ, ó ń ké bí ọ̀kẹ́ àìmọye ẹlẹ́dẹ̀. Bàbá na ọrùn síta, ó ń pariwo sí Sókàrí tó dúró ti Mọ́rìsì pé, “Sókàrí, bá mi tọ́jú ẹ̀ o. Tọ́jú ẹ̀.” Sókàrí gbé àtàǹpàkò sókè pé òun ti gbọ́. Fúbárá wà nínú ọkọ̀ náà. Ó tẹ bọ́tìnnì, ọwọ́ òsì yọ síta, iná tàn. Bó ṣe dágbére fún mi nìyẹn.

Nígbà tí Bàbá mú mi padà wá lẹ́yìn òjò èṣí, Pọtakọ́tù tí mo mọ̀ kọ́ ni mo bá. Ogun ti kúrò nínú ìlú, àmọ́ ó ṣì ń jà lápá òkè, a sì máa ń gbọ́ ọ nígbà míràn bí ẹni tó ń tú ẹrù igi sílẹ̀ lókèèrè. Ilé ń bẹ, onílé kò sí. Ajá kò ní agbára àtigbó, wọn á kàn wojú ẹni, wọn á sì fi orí lélẹ̀ padà. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù ti lọ. Ní ibi tí Mọ́rìsì máa ń dúró sí, egungun rẹ̀ nìkan la bá, irin gbọọrọ méjì tí aláǹgbá ń yá oòrùn lórí wọn.

Sókàrí jáde láti ẹ̀yìn ògiri. Ó rù débi pé bó bá fi ẹ̀gbẹ́ kọ sí yín, ẹ ó rò pé ó ti lọ. Ó rí Bàbá, inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rín bo gbogbo ojú rẹ̀. Kí Bàbá tó kí i tán, ó ti ń jíṣẹ́. Ó ní, “Ọ̀gá, I tú am. I tú everything. Nothing remain wey I no tú.” Ìyẹn ni pé òun ti tú u, kò sí ohun tó kù tí òun kò tú. Ó sọ ọ́ bí ọmọ tó gba ipò kìíní ní ilé ìwé.

Ìyá mi, Bàbá kò bi í ní ìbéèrè kejì. Ó ti rìn jìnnà jù, ó ti sùn lórí irin jù, ó sì ti ń fi ọkàn wa ọkọ̀ yẹn láti ọjọ́ tí a ti kúrò. Mo ti wá mọ̀ pé àárẹ̀ àti ìbínú jọra, bí ìbejì ni wọ́n rí. Ohun tó gbọ́ ni pé ẹni tí òun fi ọkàn tán ti tú ọkọ̀ òun tà. Ó yí padà, ó forí lé ọ̀dọ̀ àwọn sójà tó wà ní oríta. Mo sáré tẹ̀ lé e, mò ń pè é, kò dúró. Lákòókò yẹn, bí àlejò bá nawọ́ sí ará ibí pé olè ni, tàbí pé ó bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ ṣe, lọ́rì tó bá gbé onítọ̀hún lọ kì í mọ ọ̀nà àtigbé e padà.

Wọ́n mú Sókàrí wá. Wọ́n ti so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan sì ti gbá a lẹ́nu. Hannah ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé wọn, ó ń fi orúnkún rìn nínú iyanrìn, ó di etí agbádá Bàbá mú. Olórí àwọn sójà náà ni Sájẹ́ǹtì Akínbíyìí, ọmọ Ilé-Olújìí, ọkùnrin kan tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n torí àìsùn, tí kì í fi rédíò kékeré rẹ̀ sílẹ̀ bí abiyamọ. Ó bi Sókàrí pé níbo ló kó ọkọ̀ ọkùnrin yìí lọ. Sókàrí ní, “Na Ọ̀gá talk say make I tú am.” Bàbá ní, “Èmi? Tọ́jú ẹ̀ ni mo ní. Mo ní kó o tọ́jú ẹ̀.” Sókàrí bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, inú rẹ̀ tún ń dùn pé Bàbá ti rántí. Ó ní, “Ẹ̀n-ẹ́n. Tújú. Na so. I tújú am.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi, Ìyá mi. Lọ́jọ́ kìíní, ariwo lọ́rì ti gbé ìlàjì ọ̀rọ̀ jẹ. Bí kò bá sì gbé e jẹ, ta ló ń sọ pé “tọ́jú” ní ṣọ́ọ̀bù wa? Bàbá kì í sọ ọ́. “Gbé e pamọ́” ló máa ń sọ, tó bá sì jẹ́ èmi, “gbé e pamọ́, olóríburúkú.” Ṣùgbọ́n “tú u” kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá ní kí n ṣàlàyé, sójà á lé mi ni. Ni mo bá sún mọ́ wọn, mo gba rédíò lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì, àfi bí ẹni pé àná ni mo ti mọ̀ ọ́n, mo gbé e sí iwájú Sókàrí, mo ní, “Bọ̀dá Sókàrí, bá mi tọ́jú ẹ̀.”

Ó wo rédíò náà. Ó fi ojú wọ̀n ọ́n láti òkè délẹ̀. Pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ létè, ó dá mi lóhùn bó ṣe máa ń dá Bàbá lóhùn nídìí iṣẹ́: “Sípánà nọ́ńbà mélòó?”

Sájẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Ó já rédíò rẹ̀ gbà, ó gbá a mọ́yà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí. Ó ní ogun ti jẹ́ kí òun gbọ́ oríṣiríṣi, pé òun kò tíì gbọ́ irú èyí. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí wọ́n yọ irin nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó lọ sẹ́yìn Sókàrí, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú okùn náà. Okùn náà le, kò fẹ́ tú. Sókàrí ló ń tù ú nínú, ó ní, “Ọ̀gá, tú am small small.” Díẹ̀díẹ̀ ni kó tú u. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá kò ti lè wo ọwọ́ Sókàrí níbi tí okùn gbé pa á. Ìdí nìyẹn tí kò fi kọ̀wé sí yín. Kò mọ ibi tí òun máa gbà wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Sókàrí ṣe. Ó tú ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀tì tí kò fi gíríìsì pa, kò sí èyí tí kò fi ewé àti aṣọ dì. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó gbé e lọ pín fún àwọn ẹbí rẹ̀ ní Okrika, ó ní ohun Ọ̀gá òun ni, kí olúkúlùkù mú nǹkan kan sọ́dọ̀. Nígbà tí ogun dé, gbogbo ọkọ̀ tó dúró lórí táyà ní ìlú yìí ni wọ́n gbà. Àwọn sójà tọ̀hún kọ́kọ́ gbà, àwọn sójà tibí tún gba ìyókù. Ọkọ̀ tí wọ́n fi tápólì bò, wọ́n ká tápólì. Èyí tí wọ́n tì mọ́ ilé, wọ́n já ilé. Ti Bàbá nìkan ni wọn kò rí gbà, torí kì í ṣe ọkọ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ pé Sókàrí gbọ́ “tọ́jú” dáadáa ni, a kì bá tún rí i mọ́.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri inú omi láti kó ọkọ̀. Ẹ̀fọn ibẹ̀ tóbi tó ẹyẹlé, méjì nínú wọn fẹ́ gbé mi lọ. Ọwọ́ àǹtí Sókàrí kan la ti gba bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti ń fi í bo ẹja tó ń yan. Títí di òní, bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, gbogbo ọkọ̀ á máa rùn bí ẹja yíyan, gbogbo ológbò tí ogun ṣẹ́ kù ní Borokiri á sì máa sìn wá lọ. Ilẹ̀kùn kan ti di ti ilé adìẹ, àgbébọ̀ tó ń sàba níbẹ̀ bá Bàbá jà dé ojú omi. Inú àgbá epo pupa, nínú ẹrẹ̀, ni ẹ́ńjìnnì wà. Nígbà tí a fà á jáde, ó pọ́n, ó ń dán, ìpẹtà kò kàn án. Bàbá àgbàlagbà kan ló fi sítíárìn kọ́ ara ògiri iyàrá rẹ̀. Ó ní bó bá di ìrọ̀lẹ́, òun á jókòó tì í, òun á fi wa ara òun kúrò nínú ogun. Kò bá wa jiyàn. Ó kàn dì í mú díẹ̀ kó tó fi í sílẹ̀.

Láti ìgbà náà ni a ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá fi òòlù onígi lu páànù lórí àpò iyanrìn títí páànù fi gbàgbé pé ogun jà. Sókàrí ń jó o pọ̀. Èmi ń fi bébà oníyanrìn ha á, ìka mi ti bó tó fi jẹ́ pé ọlọ́pàá kò lè tẹ̀ ẹ́ sí ìwé mọ́. Bàbá ní bí a bá ti ń tún un ṣe, kí a sọ ọ́ di ti ìgbàlódé pátápátá. Sájẹ́ǹtì fún wa ní báátìrì àti iná ńlá láti ara ọkọ̀ wọn kan tó jóná lápá ẹ̀yìn, nítorí náà a kò fi irin yí i níwájú mọ́ kó tó jí, kọ́kọ́rọ́ la ń yí. Awọ ni a fi ṣe àga. A kùn ún ní àwọ̀ ewé tó dúdú, torí òun nìkan la rí. Àwọn ìgbà míràn wà tí kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, tó jẹ́ òòlù nìkan ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wa.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá ìjà sílẹ̀. Bàbá ti ra iná tó ń ṣẹ́jú, ó ní òun fẹ́ yọ ọwọ́ pupa yẹn, òun á fi iná sípò rẹ̀. Sókàrí ní kó jẹ́ kí ọwọ́ wà. Bàbá ní ọwọ́ wo, ṣé ọ̀tún kan ṣoṣo tó kù, kí àwọn aráyé lè sọ pé ọkọ̀ òun ń ṣagbe? Sókàrí fi iná ìjórin sílẹ̀. Ó ní Fúbárá ló mú ti òsì lọ. Nígbà tí wọ́n ń pín ọkọ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé òun ló máa mú ìyẹn sọ́dọ̀, pé Làtífù yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òun. Ó fi aṣọ dì í, ó so ó mọ́ ìbàdí. Nígbà tí ìbọn dé etí omi, àwọn èèyàn sá gba ibi tí ẹsẹ̀ gbé wọn. Sókàrí àti Hannah bọ́ sínú omi, Fúbárá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ igbó lọ sí ọ̀nà Ọ̀wẹ́rì. Láti ìgbà tí a ti dé ni mo ti ń bi Hannah pé Fúbárá dà, ohun kan náà ló sì ń sọ fún mi, “E dey come.” Ó ń bọ̀. Mo ti rò pé ọjà ló lọ.

Bàbá gbé iná ìgbàlódé náà sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún padà sí ipò rẹ̀, ó fi epo sí i, ó sì fi ihò òpó òsì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òfìfo. Kò dí i, kò kùn ún. Ohun gbogbo lára ọkọ̀ yẹn ti di tuntun àfi ihò náà.

Ìyá mi, ogun parí ní oṣù Kìíní, ẹ ti gbọ́. Àwọn èèyàn ń jáde láti inú igbó bí èéfín. Lọ́rì ń já wọn sílẹ̀ ní Mile One, àwọn míràn ń fi ẹsẹ̀ rìn ní ojú títì Ọ̀wẹ́rì. Láti ọjọ́ tí Mọ́rìsì ti jí, gbogbo Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni Bàbá ń wà á lọ síbẹ̀. Sókàrí àti Hannah á jókòó sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí Nọ́fíù rí wa, Sókàrí ti sọ̀kalẹ̀, ó ń bi àwọn èrò lọ́rì léèrè ọmọ, ìdí nìyẹn tó fi ku Hannah nìkan. Olorì tí Nọ́fíù rí nìyẹn. Ìyá Fúbárá ni. Ó máa ń di ẹ̀bà àti ẹja sínú ewé fún ọmọ rẹ̀, ó máa ń gbé e lé itan ní àlọ, ó sì máa ń gbé e lé itan ní àbọ̀. Bàbá kì í sáré. Bó bá rí ọmọkùnrin èyíkéyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á rọra, Hannah á yọjú. Bí a bá ń padà, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló ń rẹ̀ mí jù, Ìyá mi, ó ju ìjà òòlù lọ.

Bàbá ni ọwọ́ ọ̀tún ń ṣiṣẹ́ fún. Bí a bá fẹ́ yà sósì, èmi tí mo jókòó lósì ni mo ń na ọwọ́ síta. Ẹ ti na ọwọ́ yìí rí, ẹ rántí. Orógùn àmàlà yín kò jẹ́ kó sinmi nígbà tí mo wà ní kékeré, ìgbàkígbà tí mo bá fi gba nǹkan, ẹ ó fi lù ú. Ẹ̀yin lẹ ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ foríjì mí, gbogbo Pọtakọ́tù ni mo ń fi í júwe ọ̀nà fún báyìí. Àwọn ará wa ní Mile One ń bú mi, ìyá kan da omi ìfọwọ́ sí mi lójú. N kò fà á wọlé. Mo rò pé bí Fúbárá bá wà níbì kan tó sì rí Mọ́rìsì tí ọwọ́ òsì rẹ̀ yọ síta, yóò mọ̀ pé èmi ni.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, a ń yà kúrò ní títì, mo na ọwọ́. Ọmọkùnrin kan tó jókòó sídìí igi na ọwọ́ òsì tirẹ̀ náà sókè. Bàbá tẹ bíréèkì tí orí gbogbo wa fi kan iwájú. Hannah ti bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Kì í ṣe òun. Ọmọ kan lásán ni, ó rò pé mò ń kí òun ni, ó sì fẹ́ kí mi padà. Hannah dúró níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú ewé, ó gbé ẹ̀bà Fúbárá fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ewé. Hannah mú un lọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀, ó sì sùn lé e léjìká títí a fi dé Borokiri. Kò tíì sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. Àná ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú sípánà. Bí Nọ́fíù bá tún wá sọ fún yín pé Bàbá ti bímọ síbí, ọmọ náà nìyẹn.

Mo bi Bàbá pé ìgbà wo ni a óò gbé ọkọ̀ wálé. Ó ní bí òun bá gbé e wá, ta ni yóò máa gbé wọn lọ sí títì Ọ̀wẹ́rì? Ó ní ọkùnrin yìí kò gbọ́ èdè òun, síbẹ̀ ó ṣe ohun tí òun wí, òun tí òun sì gbọ́ èdè ara òun, okùn ni òun fi san án fún un. Lẹ́yìn náà ó sùn lọ lórí àga ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń sùn bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Irun rẹ̀ ti funfun, Ìyá mi. N kò fi kún èyí.

Nítorí náà, ẹ wá tú ẹrù yín wàyí. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ tú u, ẹ gbé e rù, kí ẹ wọ lọ́rì tó ń bọ̀ níbí dípò ti Ìrẹsà. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni ipò yín, èmi kàn ń bá yín mú un sọ́dọ̀ ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló ń na ọwọ́ òsì. Bí ẹ bá dé, ẹ̀yin lẹ óò máa nà á, èmi ni n óò sì máa mú orógùn lẹ́yìn.

Kí Ọlọ́run fi ìtura sí orúnkún yín. Kó má jẹ́ kí ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹlòmíràn nù, kó sì má jẹ́ kí ẹni tó mú un dání nù pẹ̀lú rẹ̀. Kó jẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà lójú títì rí ibi tí wọn yóò yà sí.

Èmi ni ọmọ yín ọlọ́wọ́ òsì,
Làtífù.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Sókàrí ní kí n kí yín, ó sì ń retí ìkíni yín. Ẹ kí i dáadáa, àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé kó tọ́jú ara rẹ̀. Yóò béèrè sípánà.